La Guardia: ọdún wo gan-an ló di aṣòfin?

Ọmọ Ìbarà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta. Mò ń kọ nǹkan nípa Fiorello La Guardia: ibì kan sọ pé 1916 ló di aṣòfin Amẹ́ríkà, ibòmíì sọ pé 1917 ni. Èwo ni ká mú?

Ará Ìjàyè:
Kò sí irọ́ níbẹ̀. Oṣù kọkànlá 1916 ni wọ́n dìbò yàn án, ṣùgbọ́n láyé ìgbà yẹn, ọjọ́ 4 oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé ìdìbò ni sáà tuntun ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni 1917 ṣe jẹ́ ọdún tó wọlé iṣẹ́. Ó ti kọ́kọ́ díje ní 1914, ó fìdí rẹmi. Alẹ́ ló fi kọ́ṣẹ́ lọ́yà tó parí ní 1910. Ògbifọ̀ ni lójú mọmọ ní Ellis Island, erékùṣù tí wọ́n ti ń gba àwọn tó ń ṣí wọ Amẹ́ríkà.

Bàbá Aké:
Ẹ má kà á gbọọrọ láti 1917 dé 1933 o! Ó kúrò ní 1919, ó padà ní 1923. Ní 1924, abẹ́ àsíá ẹgbẹ́ òṣèlú Socialist ló ti wọlé, kì í ṣe Republican tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Òfin Norris–La Guardia ti 1932 ló ṣe kókó jù lójú tèmi: àdéhùn tí ọ̀gá fi ń de òṣìṣẹ́ pé kò gbọdọ̀ wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ di ohun tí kóòtù ìjọba àpapọ̀ kò lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀ mọ́. Ọdún yẹn náà ni wọ́n fìbò lé e kúrò.

Ọmọ Ìbarà:
Ẹ ṣeun, sà. Mo ti tún un kọ.