Fídíò tó ń tú fíìmù palẹ̀: níbo lẹ ti kọ́kọ́ rí i?

Ọmọ Ẹnuwá: Ẹ̀yin ará Ifẹ̀, ẹ sọ ìrírí yín. Àwọn tó ń gé fíìmù sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń ṣàlàyé ìdí tí kámẹ́rà fi dúró síbí.

Adé Lágere: Every Frame a Painting, ìkànnì kan lórí YouTube, 2014. Àwa tá a jọ ń gbé yàrá ní OAU, fóònù kan. Ìgbà tí Tony Zhou àti Taylor Ramos tó ni ín ní àwọn ò ṣe mọ́ ní 2017, ó dùn mí gan-an.

Bàbá Kafé: Ọmọdé ni ẹ́. Nígbà tí YouTube ò gbà ju ìṣẹ́jú 10 lọ ńkọ́? Mr. Plinkett tó tú fíìmù Star Wars kan palẹ̀, 2009, ìṣẹ́jú 70, apá 7 ni wọ́n gé e sí. Àkókò tí mo san fún ní kafé tán ní apá kẹta.

Tóyìn: Ẹ lọ wò ó tán báyìí, sà.

Bàbá Kafé: Ṣé ìwọ lo máa ra dátà ni?

Adé Lágere: Ta ló máa tú Saworoidẹ Túndé Kèlání palẹ̀ fún wa ní Yorùbá? Láti 1999!

Ìyá Ìbejì: Mo gbìyànjú ẹ̀ lórí fíìmù mìíràn, mi ò ní dárúkọ. Àlàyé ìlù ni mo ń ṣe. Mi ò tíì gbé e sókè tán tí YouTube fi ní orin ẹlòmíì wà níbẹ̀, owó tó bá wọlé, tẹni yẹn ni. Orin ọ̀hún ò ju bí èèyàn ṣe ń sín lọ!

Tóyìn: Ẹ̀rọ ló ń mú un, mà. Ẹ kọ̀wé takò ó.

Ìyá Ìbejì: Mo kọ ọ́. Ẹni tó ní òun ló ni orin náà ni wọ́n gbé ẹjọ́ ọ̀hún fún.

Bàbá Kafé: Háà! Olùpẹjọ́ ni adájọ́?

Ọmọ Ẹnuwá: 😂😂

Káyọ̀dé: Àbúrò mi náà ń ṣe é. Ó máa ń sọ ìtàn fíìmù látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Adé Lágere: Ìyẹn kọ́. Ìyẹn ń ba ọjà onífíìmù jẹ́ ni.

Káyọ̀dé: Ẹni tó fi wákàtí 4 sọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì Star Wars ló wá dáa?

Tóyìn: Jenny Nicholson, 2024! Mo gbé ẹ̀wà kaná, ó jinná, ó ń sọ̀rọ̀.

Bàbá Kafé: Gáàsì àbí èédú?

Tóyìn: Èédú, sà. Owó gáàsì dà?

Adé Lágere: Ìyá Ìbejì, ẹ fi línkì ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́.

Ìyá Ìbejì: Ó ti wà níbẹ̀. Mo yọ ìlù kúrò, ẹnu ni mo fi lù ú.