Kí ló ń gbé mẹ́kúrì dúró nínú ọ̀pá Torricelli?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí mẹ́kúrì (irin tó máa ń ṣàn bí omi) inú ọ̀pá Torricelli, ọ̀pá gíláàsì tí wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ nǹkan tó, ń dúró sí 76 sẹ̀ǹtímítà, tí kì í dà tán?

Èsì: Afẹ́fẹ́ ìta ló ń tẹ mẹ́kúrì inú abọ́, òun ló gbé ti inú ọ̀pá dúró. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: ẹ rọ mẹ́kúrì kún ọ̀pá gíláàsì oní-mítà-kan dẹ́nu, ẹ fìka dí i, ẹ dojú rẹ̀ dé sínú abọ́ mẹ́kúrì kí ẹ tó yọ ìka. Òfìfo ló kù lókè.

Èsì: Tí kò bá tó 76, afẹ́fẹ́ bíńtín bí orí abẹ́rẹ́ ti há mọ́ ara gíláàsì. Gíláàsì gbọ́dọ̀ gbẹ táútáú. Májèlé ni mẹ́kúrì o, ẹ má dán an wò nílé!

Èsì: Ibi gíga náà máa ń dín gíga mẹ́kúrì kù. Lọ́dún 1648, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Périer gbé ọ̀pá náà gun òkè Puy de Dôme ní Faransé. Mẹ́kúrì lọ sílẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8.