Bọ́ńkì àwọn ọmọ mi ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Dámọ́lá (Òkè-Báálẹ̀)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ohun tí mo lè ṣe sí bọ́ńkì tó ń fì? Nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn ni káfíńtà kan bá mi kàn án. Pákó ni, kì í ṣe irin. Nígbà tó kọ́kọ́ gbé e dé, ó dúró bí òpó iná. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù mẹ́ta sí ìsinsìnyí, bí ẹni tó wà lókè bá ti yí ẹ̀gbẹ́ padà, gbogbo bẹ́ẹ̀dì á fì lọ sápá orí, á tún fì bọ̀ sápá ẹsẹ̀, á sì máa ké wíìn-wíìn. Èyí tó ń sùn nísàlẹ̀ ní ṣe ló dà bíi pé òun wà nínú ọkọ̀ ojú omi.

Mo ra ìṣó ínṣì mẹ́ta, èmi fúnra mi ni mo kàn án mọ́ gbogbo oríkèé rẹ̀. Ó dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin péré. Nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀, ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo pe káfíńtà yẹn títí, kò gbé fóònù mọ́. Ìparí oṣù ni bàbá wọn máa ń wálé láti Abuja, nítorí náà èmi àti òòlù mi la jọ wà níbẹ̀.

Ọmọ mẹ́ta ló wà nínú yàrá náà: ọmọ ọdún 11, ọmọ ọdún 8, àti àbígbẹ̀yìn tó jẹ́ ọmọ ọdún 5. Ọmọ ọdún 8 ló ń sùn nísàlẹ̀. Àwọn méjì yòókù wà lókè, torí àbígbẹ̀yìn ní òun ò ní sùn níbòmíràn. Agbára tuntun ò sí báyìí, yàrá ò sì gba bẹ́ẹ̀dì méjì. Ẹ gbà mí o.

Àǹtí Rìsí (Ìgbọ̀nà)

Ẹ là á sí igi ìdáná, ẹ fi se ẹ̀wà jẹ. Ẹ má bínú, mo kàn ń ṣẹ̀fẹ̀ ni. Àmọ́ lálẹ́ òní yìí, ẹ gbé fóòmù òkè sílẹ̀, kí ẹnì kankan má gun ibẹ̀ títí ẹ ó fi rí i tún ṣe. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀fẹ̀.

Alhaji (Ọjà Ọba)

Ẹ fi wáyà so ó mọ́ irin ojú fèrèsé. Ohun tí mo ṣe sí tèmi nìyẹn, ó ti lé lọ́dún kan.

Bàbá Pákó (Ayétòrò)

Alhaji, ẹ kú ìgbìyànjú. Ṣùgbọ́n wáyà mọ fífà, kò mọ títì. Bí bẹ́ẹ̀dì bá fì kúrò lọ́dọ̀ fèrèsé, á fà á. Bó bá fì lọ sọ́dọ̀ fèrèsé ńkọ́? Á kàn dẹ̀ ni.

Ìyá Dámọ́lá, kí n tó sọ̀rọ̀, ẹ bá mi wo nǹkan díẹ̀. Ẹ di òpó kan mú lókè, ẹ tì í sápá orí, ẹ wá tì í sápá ògiri. Èwo ló fì jù? Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ wo ibi tí igi gígùn ẹ̀gbẹ́ ti pàdé òpó: ṣé àlàfo ń ṣí tó tún ń pa dé bí ẹ ti ń tì í? Ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí gbá àwọn òpó náà, kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún. Ṣé ìyẹ̀fun wà nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀? Irú igi wo ni? Bí fọ́tò bá wà, ẹ fi ránṣẹ́.

Ìyá Dámọ́lá

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Mo ti fi fọ́tò mẹ́ta síbẹ̀. Apá orí àti apá ẹsẹ̀ ló ń fì sí. Ti apá ògiri kò fi bẹ́ẹ̀ burú. Àlàfo wà lóòótọ́, ní igun kan, ìka mi tó kéré jù fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú rẹ̀. Kò sí ìyẹ̀fun, kò sì dún bí ohun tó ṣófo. Káfíńtà yẹn ní ìrókò ni òun fi ṣe é, àmọ́ ó fúyẹ́, ó sì funfun bí ẹ̀kọ.

Bàbá Pákó

Ìrókò tó funfun bí ẹ̀kọ! Arère ni wọ́n fi ṣe é fún yín o. Arère kì í ṣe igi burúkú, ó rọrùn láti rẹ́, ó sì dára fún ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní gùn. Ṣùgbọ́n igi rírọ̀ ni, ìṣó kì í pẹ́ tú nínú rẹ̀. Inú mi dùn pé kòkòrò ò tíì dé ibẹ̀. Ká ní ẹ rí ìyẹ̀fun ni, ǹ bá ní kí ẹ má wulẹ̀ náwó lé e.

Kí ẹ lè rí ohun tó ń mú un fì, ẹ fa ẹyọ ìgbálẹ̀ mẹ́rin yọ nínú ọwọ̀, ẹ fi òwú so orí wọn pọ̀ kó dà bí férémù fọ́tò. Ẹ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Á wó pẹlẹbẹ, bó ti wù kí ìdì òwú yẹn le tó. Ẹ wá so ẹyọ karùn-ún sí i, kó dábùú láti igun òkè lọ́tùn-ún dé igun ìsàlẹ̀ lósì. Ẹ tún tì í. Kò ní lọ síbì kankan. Ìgbálẹ̀ karùn-ún yẹn ni bẹ́ẹ̀dì yín ò ní. Gbogbo ìṣó tí ẹ kàn, orí òwú lẹ kàn án sí. Ẹ wo òrùlé tí wọn ò tíì fi páànù bò, tàbí kí ẹ wo ìsọ̀ àwọn onítòmátò ní ọjà: ẹ ó rí igi tó dábùú níbẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n fi í ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ yọ àwọn ìṣó tuntun yẹn, torí bí bẹ́ẹ̀dì ti ń fì ni wọ́n ń mú kí ojú ihò máa gbòòrò sí i. Ẹ da gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà sínú àlàfo. Ẹ fi okùn líle wé igi ẹ̀gbẹ́ mọ́ òpó, ẹ ki igi kékeré kan bọ inú okùn náà, kí ẹ máa lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ tútù, títí àlàfo á fi pa dé. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ wá fi dírílì lu ihò já igi ẹ̀gbẹ́ àti òpó pọ̀, kí ẹ fi ìdè, ìyẹn bóòtù onínọ́ọ̀tì, bọ̀ ọ́. Méjì ní oríkèé kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, igi á máa yí lórí rẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Igi ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin lẹ ní, olórí méjì-méjì. Oríkèé mẹ́jọ nìyẹn, ìdè 16.

Igi adábùú ló kù. Ẹ ra pákó tó nípọn ní ínṣì kan, tó fẹ̀ ní ínṣì mẹ́rin, kó má ṣe jẹ́ arère o. Ẹ kàn án sẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì lápá ògiri, láti igun òkè lápá orí dé igun ìsàlẹ̀ lápá ẹsẹ̀. Kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Súkúrù ni kí ẹ lò, kì í ṣe ìṣó. Bí ọwọ́ bá gbé e, ẹ fi èkejì dábùú rẹ̀. Ẹlòmíràn máa ń fi páìwúùdù bo gbogbo ẹ̀yìn dípò rẹ̀, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe, àmọ́ owó rẹ̀ pọ̀, ooru yàrá á sì pọ̀ sí i.

Wẹ́dà (Òkè-Fíà)

Bàbá, ọ̀rọ̀ yín dùn, àmọ́ arère ni arère ń jẹ́. Kí wọ́n jẹ́ ká fi áńgù irin dì í ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó parí.

Bàbá Pákó

Ọmọ mi, kí ni ẹ ó fi di irin yẹn mọ́ igi? Súkúrù kékeré mẹ́rin? Irin ò ní ṣe nǹkan kan, igi ló máa ya. Bí ìdè bá já a kọjá, mo gbà.

Wẹ́dà (Òkè-Fíà)

Ó tọ̀nà, Bàbá. Kí wọ́n má ṣáà gbàgbé wọ́ṣà ńlá, irin pẹlẹbẹ oníhò tó ń wà lábẹ́ orí ìdè.

Àgbà Fẹ̀yìntì (Òkè-Òníìtìí)

Ọ̀rọ̀ ìdè ni mo fẹ́ dá sí, torí ìdí ẹ̀rọ ni mo ti lo ayé mi. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà á, ẹ ní ẹ fẹ́ ìdè 13. Sípánà 13 ló ń dè é, àmọ́ mílímítà 8 ni ara rẹ̀ nípọn. Dírílì 8 náà ni kí ẹ fi lu ihò, kì í ṣe 10. Bí ihò bá fẹ̀ ju ìdè lọ, ẹ ti padà sí ìdí fífì nìyẹn. Òpó ínṣì méjì, igi ẹ̀gbẹ́ ínṣì kan, ó di mẹ́ta. Ẹ ra èyí tó gùn ní ínṣì mẹ́ta àti ààbọ̀, kí àyè wà fún wọ́ṣà àti nọ́ọ̀tì. Ẹ fi wọ́ṣà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, torí nínú igi rírọ̀, orí ìdè á kàn máa rì wọlé ni bí ẹ ti ń dè é.

Nọ́ọ̀tì tó ní rọ́bà nínú ni kí ẹ béèrè, kì í tú bọ̀rọ̀. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ fi nọ́ọ̀tì méjì léra. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún fi sípánà yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò, torí igi máa ń gbẹ, ó sì máa ń sún kì.

Olówó Ilé (Alékúwodò)

Kí ló dé tí wọn ò kàn án mọ́ ògiri?

Ìyá Dámọ́lá

Ilé àtijọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, sìmẹ́ńtì ni wọ́n kàn fi rẹ́ ẹ lójú. Ìṣó kàlẹ́ńdà gan-an ń jábọ́. Lándílọ́ọ̀dù mi ò sì ní gbà.

Ìṣẹ́jú Kan Bẹ́ẹ̀dì

Bẹ́ẹ̀dì irin tó ṣeé tú pa wà lọ́wọ́ wa, a ń gbé e délé, ẹ kàn sí wa ní ínbọ́ọ̀sì.

Àǹtí Rìsí

Obìnrin ní òun ò lówó, ẹ̀yin ń polówó. Ẹ kú ọjà o.

Bọ̀sẹ̀ (Houston)

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ọmọ ọdún 5 yẹn ni mo rí tí ara mi ò balẹ̀. Lọ́dọ̀ wa ní Amẹ́ríkà níbí, ìkìlọ̀ tó máa ń wà lára bọ́ńkì ni pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6 kò gbọdọ̀ sùn lókè. Òfin ìjọba àpapọ̀ wà lórí ọgbà tó yí òkè ká láti ọdún 2000: ó kéré tán, ó gbọ́dọ̀ fi ínṣì 5 ga ju ojú fóòmù lọ, àlàfo inú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju ínṣì mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ, kí ara ọmọ má baà yọ́ gba ibẹ̀ kí orí rẹ̀ wá há. Fóòmù òkè yín nípọn tó ínṣì mélòó?

Ìyá Dámọ́lá

Yé! Ínṣì 4 ni tẹ́lẹ̀. Lọ́dún tó kọjá ni mo pààrọ̀ rẹ̀ sí ínṣì 8, mo ní kó rọ̀ wọ́n lára. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n ọ́n báyìí. Ọgbà yẹn ò fi ínṣì méjì yọ lórí rẹ̀.

Aláṣọ (Sábó)

Fáànù àjà ńkọ́? Kò tíì sẹ́ni tó béèrè. Tèmi, ọwọ́ ọmọ ló kàn án nígbà tó dìde lójú oorun. Ọpẹ́ ni pé díẹ̀díẹ̀ ló ń yí.

Ìyá Dámọ́lá

Ti orí tábìlì ni tiwa, ẹ ṣé. Mo máa rántí rẹ̀ bí a bá kó kúrò níbí.

Ìyá Dámọ́lá (lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá)

Mo padà dé o! Ọjọ́ Sátidé ni mo ra ìdè 16 àti wọ́ṣà 32. Ọkùnrin tó tà á bi mí bóyá afárá ni mo fẹ́ kọ́. Nọ́ọ̀tì onírọ́bà mẹ́sàn-án ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi nọ́ọ̀tì méjì léra níbi méje yòókù. Mo yá dírílì lọ́wọ́ ará ilé wa kan. Ihò márùn-ún ni mo tíì lù tí iná fi lọ, ó di aago mẹ́sàn-án alẹ́ kó tó dé, bẹ́ẹ̀ la ṣe sọ gbogbo ilé di ojú ìjà. Igi kan ya lórí, torí mo lu ihò súnmọ́ etí rẹ̀ jù. Mo da gọ́ọ̀mù sí i, mo fi okùn wé e bí Bàbá ṣe wí, mo wá sún ihò wọnú.

Ohun tí mo bá nígbà tí mo gbé fóòmù kúrò lókè ló dẹ́rù bà mí jù. Àwọn pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí fóòmù ń sùn lé, ẹyọ kan ò ní ìṣó lára! Káfíńtà yẹn kàn tò wọ́n síbẹ̀ ni, bí bẹ́ẹ̀dì sì ti ń fì ni wọ́n ń rìn. Méjì ti súnmọ́ àtijábọ́ sórí ẹni tó ń sùn nísàlẹ̀. Mo ti fi súkúrù dè wọ́n pátá.

Ní ti fífì, lẹ́yìn tí mo de ìdè tán, ó dín kù, àmọ́ kò lọ. Mo ti ń sọ lọ́kàn mi pé Bàbá Pákó ti ná mi lówó. Ìgbà tí mo kan igi adábùú àkọ́kọ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo tì í tí kò mira. Dámọ́lá náà tì í. Mo tún kan èkejì sí i.

Àbígbẹ̀yìn ti sọ̀kalẹ̀, ó sunkún fún alẹ́ méjì. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló wà lórí fóòmù ínṣì 8 nísàlẹ̀. Mo lọ gba fóòmù ínṣì 4 yẹn padà lọ́wọ́ ìyá mi, tí mo ti fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ẹ má bi mí bí ìyẹn ṣe lọ. Igun kan ṣoṣo ló ṣì ń ké.

Bàbá Pákó

Ẹ kú iṣẹ́, ọmọ mi. Igi méjì ló ń ha ara wọn níbẹ̀. Ẹ dẹ ìdè igun yẹn díẹ̀, ẹ fi àbẹ́là ra àárín wọn dáadáa, ẹ tún dè é padà.

Alhaji (Ọjà Ọba)

Ìyá Dámọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀dọ̀ ta lẹ ti ra ìdè 13 yẹn? Wáyà mi já lánàá.