Ọ̀pá fly tí èèyàn tò fúnra rẹ̀ fún tigerfish Kainji: okùn 8 ni àbí 9?

Ọmọ Kúbwà
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú odò o. Blank graphite (ọ̀pá lásán tí kò tíì ní òrùka àti ibi ìdìmú) ẹsẹ̀ bàtà 9 kan, alápá mẹ́rin, ti wà nílẹ̀. Mo fẹ́ fi òrùka àti ibi ìdìmú sí i fúnra mi. Tigerfish, ẹja apẹranjẹ eléyín mímú, nísàlẹ̀ dáàmù Kainji ni mo ń fojú sí; bí kò bá jẹ, kí n fi mú èpìyà ní Gurara. 8 ni wọ́n kọ sára blank náà. Ṣé okùn 8 ni kí n rà, àbí 9, torí pé fly (ìwọ̀ tí wọ́n fi irun tàbí ìyẹ́ wé bí oúnjẹ ẹja) tigerfish tóbi? Òrùka mélòó ni kí n lò? Ooru Abuja yìí ńkọ́?

Oníwọ̀ Jebba
Ọ̀dọ̀ okùn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ti ọ̀pá ìwọ̀ lásán, òjé ló ń fa okùn lọ. Ti fly, okùn ló ń gbé fly. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà okùn fi jẹ́ ìwọ̀n gidi: ẹsẹ̀ bàtà 30 àkọ́kọ́ (mítà 9.14) ni wọ́n ń gbé sórí òṣùwọ̀n, láìka ṣóńṣó tẹ́ẹ́rẹ́ iwájú rẹ̀. Nọ́ńbà 7 jẹ́ grain (ìwọ̀n kékeré kan) 185, 8 jẹ́ 210, 9 jẹ́ 240, 10 jẹ́ 280. Lórí síkéèlì àwọn oníwúrà, 8 á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 13.6, 9 á tó 15.6. Blank ò ní irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀. 8 tí ẹ rí lára rẹ̀, èrò ẹni tó ṣe é ni.

Fly onírun tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12 máa ń mu omi, ó sì ń dènà afẹ́fẹ́. Okùn 6 ò ní lè nà án síwájú, ṣe ló máa já lulẹ̀ gbọ̀ọ́. 8 ló kéré jù fún tigerfish. Bó bá jẹ́ inú ọkọ̀ ojú omi lẹ wà, tí ẹ ò jù ú kọjá mítà 9, okùn 9 lórí blank yẹn á tètè tẹ̀ ẹ́, ó sì dáa. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń gbé mítà 15 sókè afẹ́fẹ́, okùn 8 gan-an ti wúwo ju ohun tí wọ́n kọ lọ nígbà yẹn. 9 á jẹ́ kí ọ̀pá rẹ̀.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò rèé: ọ̀pọ̀ okùn òde òní ni wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ ṣe wúwo. Wọ́n á kọ 8 sí páálí, inú rẹ̀ á jẹ́ 240. Ẹ ka iye grain kí ẹ tó sanwó, ẹ má wo nọ́ńbà nìkan.

Èpìyà? Ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀pá 4 tàbí 5. Giwan ruwa (Nile perch) ńlá sì fẹ́ 10 ó kéré tán. Ọ̀pá kan ò lè ṣe gbogbo rẹ̀.

Ìyá Ẹja Kàdúná
Ọ̀rọ̀ ooru ni tèmi. Okùn tí wọ́n ṣe fún trout nínú omi tútù máa ń rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ lóṣù kẹta níbí, á máa lẹ̀ mọ́ òrùka, kò sì ní lọ jìnnà. Èyí tí wọ́n kọ "tropical" sí ni kí ẹ rà. Tiẹ̀ náà ní wàhálà: lówùúrọ̀ ọyẹ́, ṣe ló máa ká jọ bí ó ṣe wà lára reel (ohun tí a ń ká okùn mọ́). Kí ẹni méjì fà á díẹ̀díẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi sínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ lọ́sàn-án, ẹ sì nu ọwọ́ dáadáa bí ẹ bá fi ìpara ẹ̀fọn tó ní DEET ra ara. Ó ń jẹ ike ara okùn.

Láìsí wáyà níwájú fly, eyín tigerfish á gé ọ̀rá yín (okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó so fly mọ́ okùn ńlá) lẹ́ẹ̀kan. Sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 tó.

Atọ̀pá Gwarinpa
Òrùka: ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan lọ́kan, kí ẹ fi ọ̀kan kún un. Fún 9, ó di mẹ́wàá, láìka ti orí. Méjì àkọ́kọ́ nísàlẹ̀ ni kó tóbi. Kí ẹ tó fi òwú dì í, ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́, ẹ fa okùn gba inú wọn, ẹ tẹ ọ̀pá kọdọrọ. Níbi tí okùn bá ti jìnnà sí ìtẹ̀ ọ̀pá, ẹ sún òrùka mọ́ra.

Epoxy (àtè olómi méjì tí a ń pò, tí a fi ń bo òwú) ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Ìdajì-ìdajì ni, sírínjì ọ̀tọ̀ fún ìgò kọ̀ọ̀kan. Bí èyí tó ń mú un gan bá dín, á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́ títí ayé. Ẹ po mílílítà 3 pẹ̀lú 3, ẹ dà á sórí fọ́ìlì kó tẹ́, kí ihò afẹ́fẹ́ lè bẹ́, kó má sì tètè gan nínú ooru. Lẹ́yìn náà, ọ̀pá gbọ́dọ̀ máa yí títí tí kò fi ní ṣàn mọ́. Mọ́tò oníbátìrì ni kí ẹ lò. Tí NEPA bá mú iná lọ láàárín, gbogbo rẹ̀ á ṣàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lásìkò ọyẹ́, ẹ wọ́n omi sílẹ̀ yàrá, ẹ sì fi páálí bò ó nítorí eruku.

Ọmọ Kúbwà
Ẹ ṣé gan-an. Báwo ni máa ṣe mọ̀ bóyá 8 tí wọ́n kọ jóòótọ́?

Atọ̀pá Gwarinpa
Nígbà tí téèpù ṣì wà lára òrùka, ẹ yá okùn tí ẹ ti wọ̀n tó jẹ́ 210 gan-an, ẹ lọ sórí pápá koríko. Ẹ fi máákì sí mítà 9, kí èyíinì dé òrùka orí, kí ẹ sì rọra jù ú. Bí ọ̀pá bá tẹ̀ dé ibi ìdìmú, blank 7 ni. Bí ẹ ò bá rí ìtẹ̀ kankan títí okùn fi tó mítà 12 níta, 9 lẹ rà.