Àárò Ìbàdàn ní Àbújá: kí ni ká dì dání?

Ọmọ Òkè-Àdó:
Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Àbújá, ẹ kú ojúmọ́ o. Ibi iṣẹ́ ọkọ mi ti gbé e lọ sọ́dọ̀ yín, èmi àtàwọn ọmọ á sì bá a níbẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, n ò gbé ibòmíì rí. Kí lẹ rò pé àárò rẹ̀ á sọ mí jù, kí sì ni kí n dì dání?

Ìyá Kúbwa:
Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ bá ire níbí. Ọmọ Bẹẹrẹ lèmi náà.

Ẹ má gbé isu wá rárá. Ìpínlẹ̀ Niger àti Benue tó ń gbin isu ò jìnnà sí wa. Gbodo ni kẹ́ ẹ gbé, kẹ́ ẹ máa lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ sá a dáadáa, kẹ́ ẹ dé e mọ́ inú kẹ́ẹ̀gì, torí kòkòrò kì í fi gbodo sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé ibi ẹ̀rọ, ẹ bèèrè ohun tí wọ́n lọ̀ kẹ́yìn. Àgbàdo àti jéró ni wọ́n sábà máa ń lọ̀ níbí. Ẹ ní kí wọ́n fi gbodo díẹ̀ fọ ẹnu ẹ̀rọ ná, kẹ́ ẹ da ìyẹn sọ́tọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àmàlà yín ò ní fà bó ṣe yẹ.

Ewédú wà, ayoyo ni kẹ́ ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn Hausa. Ṣùgbọ́n tí ọyẹ́ bá dé, ó máa ń wọ́n, torí kìkì àwọn tó ń bomi rin oko létí odò ló ń gbìn ín nígbà náà. Ẹ mú irúgbìn wá, kẹ́ ẹ gbìn ín sínú àpò lẹ́yìnkùlé. Èèpo rẹ̀ le: ẹ dì í sínú aṣọ, ẹ rì í bọ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kẹ́ ẹ sì yára rì í bọ omi tútù. Èyí tí ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ló máa hù.

Ohun tí àárò rẹ̀ ń sọ èmi gan-an ni kí wọ́n máa fi oríkì pe ọmọ mi. Ní Bẹẹrẹ, ìyá ẹlẹ́kọ tí ò bá wa tan rárá á rí ọmọ tó ń lọ síléèwé, á ní, “Àjọkẹ́, ṣé o ti jẹun?” Níbí, aládùúgbò mi lápá ọ̀tún Tiv ni, tòsì Igbo ni, èèyàn dáadáa ni wọ́n, àmọ́ wọn ò lè ki ọmọ mi. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó kúrò, ẹ lọ bá ìyá àgbà, kí wọ́n ki àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ fi fóònù gbà á sílẹ̀. Oríkì orílẹ̀ ti bàbá, ti ìyá. Ẹ má kán wọn lójú. Nínú èyí tí mo gbà lẹ́nu màmá mi, ẹ máa gbọ́ àkùkọ tó ń kọ, ẹ máa gbọ́ ibi tí wọ́n ti dúró nu ojú. Òun la fi ń jí àwọn ọmọ láràárọ̀.

Ọmọ Ṣakí, Màràbá:
Òótọ́ lẹ sọ, mà, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n rò pé kò sẹ́ni tó ń kini níbí. Ẹ wá àsàlátù tàbí ìjọ tó ń ṣe ìsìn ní Yorùbá, kẹ́ ẹ sì bèèrè ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yín lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ bá dé gan-an. Yorùbá pọ̀ ní Màràbá létí Àbújá níbí, ilé ò sì wọ́n tó ti àárín ìlú. Wàhálà ibẹ̀ ni sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọ̀nà Nyanya: tó bá jẹ́ àárín ìlú ni ọkọ yín á ti máa ṣiṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ jáde kílẹ̀ tó mọ́.

Ọmọ Òkè-Àdó:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Màá lọ bá ìyá ọkọ mi lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Òrí àti irú ńkọ́?

Ìyá Kúbwa:
Ẹ fi òrí sílẹ̀, ó pọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Niger, ẹ máa rí i rà. Ẹ máa nílò ẹ̀ o, ọyẹ́ ibí máa ń la ètè ọmọdé. Irú pẹ̀tẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé, torí irú gbígbẹ tí àwọn Hausa ń pè ní dàdàwá ló pọ̀ lọ́jà wa. Ẹ po iyọ̀ mọ́ ọn, kẹ́ ẹ rọ ọ́ sínú ike tó ní ìdérí, kẹ́ ẹ fi ọ̀rá méjì wé e kó má baà rùn gba inú ọkọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti dé, inú fíríìjì ni kẹ́ ẹ gbé e sí.