Bàálù ajagun tí ẹ ti fojú ara yín rí: èwo ló mọ ìjà, èwo ló ń jẹ owó?

Ará Ọlaìyá:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Òròkí. Lọ́dọ̀ oníwèé ìròyìn ní Ọlaìyá láàárọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ bàálù ogun fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà. Ẹnì kan ní F-22 Amẹ́ríkà ni baba gbogbo wọn. Èkejì ní Su-57 Rọ́ṣíà á fi í jẹ ẹ̀kọ. Bàbá kan tó kàn wá ka ìwé ọ̀fẹ́ bi wọ́n pé, èyí tí Amẹ́ríkà kì í tà fún ẹnikẹ́ni, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Òótọ́ ni bàbá sọ. F-22 tó wọṣẹ́ ológun kò ju 187 lọ, wọ́n ti dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró láti 2011, òfin wọn kò sì gbà kí wọ́n tà á sílẹ̀ òkèèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti fọwọ́ kan irú nǹkan yìí, tó ti rí i, tàbí tó ti sá fún un, kó wá sọ tiẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ka nọ́ńbà orí YouTube fún wa, ẹ ní sùúrù.

Bàbá Òkè-Báálẹ̀:
Ẹ́ńjìnnì ni mo tún ṣe nínú ológun òfurufú títí mo fi fẹ̀yìn tì wá sílé. Makurdi ni mo ti mọ Jaguar. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló jọ ṣe é, Nàìjíríà ra 18, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní 1984. Bàálù gidi ni. Ó máa ń fò wálẹ̀wálẹ̀ débi tí ewé igi á máa jù, kí rádà ọ̀tá má baà tètè rí i. Bó bá fẹ́ gbéra, ẹ ò ní gbọ́ ohun tí ẹni ẹ̀gbẹ́ yín ń sọ. Ọwọ́ la fi ń bára wa sọ̀rọ̀.

Ẹ mọ ohun tó pa á? Kì í ṣe ìbọn. Owó ni. Ní 1991 wọ́n kó gbogbo wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ torí pé títọ́jú wọn ti ju agbára lọ. Bàálù tí kò fò kì í sinmi o, bíbàjẹ́ ló ń bà jẹ́. Rọ́bà tó ń dí epo mọ́nú á gbẹ, á sán. Ọ̀rinrin á wọ ojú wáyà. Ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀kan láti fi wo òmíì sàn, nígbà tó bá yá, èyí tí ẹ tú á wá ku egungun.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń rẹ́rìn-ín bí ẹ bá ń ka iye tí wọ́n ń tà á. F-35A kan, bàálù Amẹ́ríkà tó ń fara pamọ́ fún rádà, nǹkan bí 80 mílíọ̀nù dọ́là ni. Ẹ ó rí Rafale ti Faransé tàbí Eurofighter ti Yúróòpù tí kò lè fara pamọ́ fún rádà bíi tirẹ̀, tí wọ́n sì tà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Íńdíà san bílíọ̀nù 7.87 yúrò fún Rafale 36 ní 2016, àmọ́ ohun ìjà, páàtì àti ìtọ́jú wà nínú owó yẹn, nítorí náà ẹ má kàn fi 36 pín in kẹ́ ẹ ní ẹ ti mọ iye ọ̀kan. Wákàtí ni kẹ́ ẹ béèrè. F-35 tó bá wà lófurufú fún wákàtí kan péré, ó ti jẹ ju 30,000 dọ́là lọ. Ẹni tó ra jẹnẹrétọ̀ ńlá láìro dísẹ́ẹ̀lì, inú òkùnkùn ló máa jókòó tì í.

Kódà èyí tí kì í jẹun púpọ̀ náà ń fẹ́ ìtọ́jú. Gripen ti Súwídìn, ẹ́ńjìnnì kan ló ní, ó sì rọrùn láti tún ṣe. Wọ́n ṣe é kó lè balẹ̀ sójú títì lásán, bí títì náà bá ti gùn tó nǹkan bí 800 mítà. Gúúsù Áfíríkà ra 26. Láàárín 2021 sí 2022, kò sí èyí tó ń fò nínú wọn torí àdéhùn ìtọ́jú tó ti tán.

Ará Ògo-Olúwa:
Ojú títì ẹ wí? Kó wá balẹ̀ sọ́nà Gbọ̀ngán ká wò ó, kò ní rí táyà kó lọ sílé.

Àbúrò géèmù:
Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Èmi ti wa F-16 àti JF-17 nínú géèmù kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ UNIOSUN. JF-17 ni mo fi ń na gbogbo wọn. Àwa náà ti ní i ní Nàìjíríà, ṣé ẹ rí i?

Bàbá Òkè-Báálẹ̀:
Ọmọ mi, nínú géèmù o kì í sanwó epo.

A ní i lóòótọ́, mẹ́ta. Ní Makurdi náà ni wọ́n ti kó wọn wọṣẹ́, ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún 2021. Pakísítánì àti Ṣáínà ló jọ ṣe é, ẹ́ńjìnnì Rọ́ṣíà ló wà níbẹ̀. 184 mílíọ̀nù dọ́là ni àdéhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú àwọn ohun tó bá a rìn. Ohun tó wù mí nínú rẹ̀ ni pé orílẹ̀-èdè tí kò lówó rẹpẹtẹ lè rà á. Ohun tí kò wù mí ni ẹ́ńjìnnì ẹlòmíì nínú bàálù ẹlòmíì. Bí orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ṣe é yẹn bá jà, àwa ni ọwọ́ wa á dá.

Ọmọ Òṣogbo ní Norfolk:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọkọ̀ ẹrù ni mò ń wà lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì níbí, ọ̀nà mi sì máa ń gba ẹ̀bá Marham, ibùdó F-35B wọn. Èyí tó lè balẹ̀ ní ìdúró nìyẹn, owó rẹ̀ sì ju ti F-35A lọ. Mo máa ń rí àwọn àgbààgbà òyìnbó tó jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà pẹ̀lú kámẹ́rà àti fíláàsì tíì, bí ẹni wá wo egúngún. Mo páàkì níjọ́ kan láti bá wọn wò ó. Àyà mi ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí etí mi tó gbọ́.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé mo rí i kedere. Mo ti rò pé bàálù tó ń fara pamọ́ á fara pamọ́. Bàbá kan ló là á yé mi: rádà ló ń tàn, kì í ṣe ojú. Inú ikùn ló ń kó ohun ìjà sí, bí wọ́n ṣe gé ara rẹ̀ ń darí ìgbì rádà síbòmíì, ọ̀dà tó wà lára rẹ̀ sì ń gbé lára ìgbì náà mì. Ọ̀dà yẹn gan-an wà lára ohun tó ń jẹ owó, torí pé bó bá ti ha, wọ́n ní láti tún un ṣe dáadáa.

Ẹ tún gbọ́ ti Íńdíà. Ní oṣù Kẹfà 2025, ọ̀kan nínú F-35B Gẹ̀ẹ́sì balẹ̀ ní Thiruvananthapuram, kò sì lè gbéra mọ́. Ó lé ní oṣù kan níbẹ̀ kí àwọn tó wá tún un ṣe láti Gẹ̀ẹ́sì tó rí i gbé kúrò. Àwọn tó ń polówó ìrìn-àjò afẹ́ ní Kerala, ìpínlẹ̀ tó balẹ̀ sí, ní ìlú àwọn ló dùn mọ́ ọn tí kò fi fẹ́ lọ.

Ìyá Ìgbónà:
Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ń sọ ariwo. Èmi gbọ́ tiẹ̀ ní Maiduguri níbi tí mo ti ń ra ẹ̀wà. Jẹ́ẹ̀tì á ti kọjá kéèyàn tó gbójú sókè, á wá ku èéfín. Àwọn tó ń gbé oko kò jàǹfààní kankan nínú eré yẹn. Àwọn tó ń ya bò wọ́n wà nínú igbó, lórí ọ̀kadà, kì í ṣe lófurufú. Oníbàárà mi kan pàdánù èèyàn rẹ̀ ní Rann ní oṣù Kìíní 2017, nígbà tí bàálù tiwa ju bọ́ǹbù sí ibùdó àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Títí dòní, bó bá gbọ́ jẹ́ẹ̀tì, abẹ́ tábìlì ló ń lọ. Ẹ wá sọ èyí tó máa ń rí ohun tó fẹ́ yìn kó tó yìn ín.

Bàbá Òkè-Báálẹ̀:
Màámi, ẹ kú ìrọ́jú. Èyí tí ẹ ń wí ni Super Tucano. Bàálù kékeré tó ní fáànù níwájú ni, kò lè sáré bá jẹ́ẹ̀tì kankan, F-16 á já a bọ́ láìlàágùn. Ṣùgbọ́n ó lè wà lókè fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kó máa yí po, kó fi kámẹ́rà wo ilẹ̀ lóru, kó sì fi bọ́ǹbù tó mọ̀nà lu ibi tí wọ́n rán an. Owó wákàtí rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti jẹ́ẹ̀tì. Nàìjíríà ra 12, owó gbogbo ẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 593 mílíọ̀nù dọ́là pẹ̀lú ohun ìjà, mẹ́fà àkọ́kọ́ dé Kánò ní oṣù Keje 2021. Ọ̀rọ̀ Rann yẹn gan-an ló jẹ́ kí Amẹ́ríkà kọ́kọ́ dá títà rẹ̀ dúró.

Bàbá Ọjà-Ọba:
Bìní ni mo ti lọ sílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Oṣù Karùn-ún 1969, lásìkò ogun abẹ́lé, a gbọ́ ìró ní ìhà pápá bàálù, èéfín dúdú sì gòkè. Ìyá mi kó wa sábẹ́ ibùsùn. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàálù kéékèèké márùn-ún láti Súwídìn, irú tí wọ́n fi ń kọ́ èèyàn ní wíwà, ni Carl Gustaf von Rosen, awakọ̀ bàálù ará Súwídìn, kó wá fún Biafra. Wọ́n so rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ abẹ́ ìyẹ́ wọn, wọ́n sì ń fò lókè igi lásán. Port Harcourt, Bìní, Enugu, ibi tí wọ́n páàkì jẹ́ẹ̀tì sí ni wọ́n lọ bá a. MiG, jẹ́ẹ̀tì Rọ́ṣíà tí ìjọba àpapọ̀ ń lò, tó wà nílẹ̀ kò lè fi eré rẹ̀ gba ara rẹ̀ là.

Ará Ọlaìyá:
Ẹ ṣeun, Bàbá. Ìjà òfurufú Íńdíà àti Pakísítánì ní oṣù Karùn-ún 2025 ńkọ́? Àwọn kan ní J-10C Ṣáínà tí Pakísítánì ń lò ti fọ́ orúkọ Rafale tí Íńdíà ń lò.

Bàbá Òkè-Báálẹ̀:
Pakísítánì ní àwọn já Rafale lulẹ̀. Ọ̀gá àgbà ológun Íńdíà gbà pé àwọn pàdánù bàálù, kò sọ iye. Ẹ má fi ìyẹn dájọ́ bàálù méjì bí ẹni ń wo ìjàkadì. Misáìlì PL-15 tí J-10C ń yìn ń lọ jìnnà gan-an, rádà ẹlòmíì sì lè máa tọ́ awakọ̀ sọ́nà. Awakọ̀ lè kú láìrí ẹni tó pa á.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa ṣọ́ báyìí ni M-346 tí Nàìjíríà ń rà lọ́wọ́ Ítálì, 24. Jẹ́ẹ̀tì kékeré ni, ó ń kọ́ni, ó sì ń jà. Bí ẹ bá rí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ má bi í léré tó lè sá. Ẹ bi í pé ọdún mélòó ni páàtì wà nínú àdéhùn, àti pé ta ló máa tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ṣé nílé ni àbí a ó máa kó o lọ sí Ítálì.