Wọ́n ní kí n ra odindi àgbá wísíkì: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Àkànbí béèrè:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti ẹ̀yin àbúrò, mo kí gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ owó ló gbé mi dé. Mo ní owó kan tí mo ti ń fi pamọ́ díẹ̀díẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó kàn jókòó sí báńkì. Ọ̀rẹ́ kan níbi iṣẹ́ fi mí mọ ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta àgbá wísíkì. Kì í ṣe ìgò o, odindi àgbá. Wọ́n ní wísíkì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn ní Scotland ni àwọn yóò bá mi rà, yóò máa gbó nínú àgbá igi óákù, bó sì ṣe ń gbó sí i ni owó rẹ̀ yóò máa gòkè. Tó bá pé ọdún 10, wọn á bá mi tà á. Èrè rẹ̀, ìdá 12 nínú 100 lọ́dọọdún, kò ní dín. Wọ́n tún ní ìjọba kì í gba owó orí lórí ẹ̀.

Ohun tó fẹ́ẹ̀ mú mi gbà ni ọ̀rọ̀ kan tí ọkùnrin tó ń pè mí lórí fóònù kì í yé sọ: "Ayé dùn, wọ́n á mutí, ayé korò, wọ́n á mutí." Ó ní nínú gbogbo òwò, ti ọtí nìkan ni kì í wọlẹ̀. Mo rò ó síwá sẹ́yìn, ó jọ òótọ́. Ìyàwó mi ní tó bá jẹ́ òwò ọtí ló wù mí, kí n kúkú lọ ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń pọn bíà. Èwo ni kí n ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi, mi ò tíì sanwó. Wọ́n ní tó bá fi di ọjọ́ Ẹtì, àgbá á ti tán.

Ìyá Ìbejì fèsì:

Èrè tí kò ní dín, ọjà tó máa tán lọ́jọ́ Ẹtì, síbẹ̀ wọ́n ń pe ẹni tí wọn ò mọ̀ rí lórí fóònù kó wá rà á. Àbúrò mi, di àpò rẹ mú. Dúró de àwọn tó mọ ìdí ẹ̀.

Àrẹ̀mú fèsì:

Èmi ní àgbá kan, nítorí náà mi ò ní sọ pé jìbìtì ni gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbájúẹ̀ inú òwò yìí pọ̀. Lọ́dún 2025, BBC gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn tó ta àgbá kan náà fún èèyàn púpọ̀, àti àwọn tó ta àgbá tí kò sí níbì kankan.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Òfin ní wísíkì kò gbọdọ̀ jẹ́ Scotch, ìyẹn ojúlówó wísíkì ilẹ̀ Scotland, àfi tó bá lo ọdún 3, ó kéré tán, nínú àgbá óákù ní Scotland gan-an, nínú ilé ìkẹ́rùsí tí ìjọba ń fojú sí nítorí owó orí ọtí. Ìyẹn ni pé o ò lè gbé àgbá rẹ wá sílé kí o máa wò ó. Ibẹ̀ ni yóò wà. Àwọn tó ni ilé ìkẹ́rùsí ló sì ní àkọsílẹ̀ ẹni tí àgbá kọ̀ọ̀kan wà lórúkọ rẹ̀. Tí orúkọ tìrẹ ò bá sí níbẹ̀, ọwọ́ alágbàtà ni ọjà ṣì wà. Bí alágbàtà bá kógbá sílé lọ́la, ìwọ àti àwọn olówó yòókù ni ẹ máa jọ máa fa ọ̀rọ̀ náà ní kóòtù.

Ìwé tó ń yí àgbá kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì ni delivery order. Ẹni tó ń tà ló ń fọwọ́ sí i, a ó fi ránṣẹ́ sí ilé ìkẹ́rùsí, àwọn náà á sì kọ̀wé sí ọ pé àwọn ti rí i, àwọn sì ti yí orúkọ padà. Tèmi kò dùn ún wò rárá: bébà pẹlẹbẹ kan, nọ́ńbà àgbá, ọdún tí wọ́n rọ ọtí sí i, irú àgbá tó jẹ́, iye lítà tó kù nínú ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n kẹ́yìn, àti bí ọtí náà ṣe le tó. Ó tán. Àwọn tó ń lu èèyàn ní jìbìtì ló máa ń fi ìwé ẹ̀rí aláwọ̀ wúrà ránṣẹ́, èyí téèyàn lè gbé kọ́ ara ògiri.

Wọn ò sì ní sọ fún ọ pé ọtí inú àgbá ń fẹ́ lọ. Nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ló ń bá afẹ́fẹ́ lọ lọ́dọọdún, líle rẹ̀ náà sì ń rọ̀. Lọ́jọ́ tó bá bọ́ sí abẹ́ ìdá 40 nínú 100, òfin ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní Scotch mọ́. Àgbá tó gbó jù lè di ọtí tí kò lórúkọ. Àgbá mìíràn á tiẹ̀ máa jò láìsí ẹni tó mọ̀, torí kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò àfi tí olówó rẹ̀ bá ní kí wọ́n tún un wọ̀n.

Ká wá ní ohun gbogbo dára. Ta ló máa rà á lọ́wọ́ rẹ? Àwọn tó ń rọ wísíkì sígò ń ra àgbá lọ́pọ̀ yanturu tààrà lọ́wọ́ àwọn tó pọn ọ́n. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹyọ kan tìrẹ ṣe, tí alágbàtà ti lé owó lé lórí kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ? Tó o bá ní kí o rọ ọ́ sígò fúnra rẹ, láti 2012 ni òfin ti sọ pé Scotland ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti rọ single malt, ìyẹn Scotch tí wọ́n fi ọkà báálì pọn ní ilé ìpọntí kan ṣoṣo, sígò. Owó ìgò, owó ìwé ara ìgò, owó orí ọtí, owó ilé ìkẹ́rùsí, ọrùn rẹ ni gbogbo ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà wọn ò sì ní jẹ́ kí o kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ tó pọn ọ́n sára ìgò, torí wọ́n ti forúkọ yẹn sílẹ̀ lábẹ́ òfin.

Ọ̀rọ̀ "kò sí owó orí" yẹn, ti Ìlú Ọba ni wọ́n ń sọ, nítorí pé wọ́n lè ka ọtí inú àgbá sí ohun tó ń ṣòfò. Òfin ibi tí ìwọ ń gbé lè yàtọ̀.

Ọmọ Àkànbí:

Ẹ̀gbọ́n Àrẹ̀mú, ẹ ṣeun gan-an. Mo bi wọ́n ní orúkọ ilé ìkẹ́rùsí náà nísinsìnyí. Wọ́n ní àṣírí ilé-iṣẹ́ ni.

Àjọkẹ́:

Àṣírí kẹ̀! Ibi tí ẹrù rẹ wà ni wọ́n ń fi pamọ́ fún ọ?

Ọ̀gá Oníṣirò fèsì:

Àrẹ̀mú ti sọ ti àgbá, jẹ́ kí n mú ti ìyàwó rẹ. Òun ló sún mọ́ ọgbọ́n jù nínú ẹ̀yin méjèèjì, má bínú. Ìpín ilé-iṣẹ́ ńlá, ọjọ́ tó o bá fẹ́ tà á lo máa rẹ́ni rà á. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pé òwò ọtí kì í wọlẹ̀ yẹn, ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Àwọn àgbà nínú òwò wísíkì kò lè gbàgbé 1983. Wọ́n ti pọn ọtí kọjá ohun tí ayé lè mu, ni ilé-iṣẹ́ DCL, tó tóbi jù ní Scotland nígbà náà, bá ti ilé ìpọntí 11 pa lọ́dún kan ṣoṣo. Port Ellen àti Brora wà nínú wọn. Mo fi ohun tó o bá fẹ́ tẹ́tẹ́ pé ọkùnrin orí fóònù yẹn ti dárúkọ Port Ellen fún ọ, pé wo iye tí wọ́n ń ta ìgò rẹ̀ lónìí. Ìdí tó fi gbówó lórí ni pé wọ́n tì í pa, kò sí òmíràn tó ń jáde mọ́. Ẹni tó ń ta Port Ellen lọ́dún 1983 kò rí èrè yẹn o, iṣẹ́ ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún 2024 ni wọ́n tó tún un ṣí.

Irú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ báyìí. Nígbà àrùn Kòrónà, àwọn èèyàn ra ọtí gbígbóná sílé bí ẹni pé ayé ń parẹ́, àwọn ilé-iṣẹ́ sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí lọ, wọ́n pọn ọ́n pọ̀. Ìpínlẹ̀ Kentucky ní Amẹ́ríkà nìkan ní àgbá bọ́bọ̀n, ìyẹn wísíkì tiwọn, tó lé ní mílíọ̀nù 14 tó ń gbó. Ní January 2025, Brown-Forman, àwọn tó ni Jack Daniel's, kéde pé àwọn yóò dín òṣìṣẹ́ kù ní ìdá 12 nínú 100, wọ́n sì ti ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń kan àgbá ní Louisville pa. Jim Beam, àwọn náà tó ń pọn bọ́bọ̀n, ní àwọn yóò dá pípọn ọtí dúró ní ilé ìpọntí àwọn tó gbajúmọ̀ jù ní gbogbo 2026. Àwọn tó ni ọtí ló ń dọwọ́ dúró yẹn o, alágbàtà ń sọ fún ọ pé kí o sáré.

Ẹ̀yin èèyàn, ọtí tí ayé ń mu kò pọ̀ sí i. Àjọ ìlera àgbáyé WHO ní lọ́dún 2010, ẹni tó bá ti tó ọmọ ọdún 15 ń mu lítà 5.7 ọtí gidi lọ́dún, tá a bá pín in kárí. Ní 2019 ó ti di 5.5. Wáìnì tí gbogbo ayé mu ní 2024 jẹ́ mílíọ̀nù hectolitre 214 (hectolitre kan jẹ́ lítà 100), kò tíì kéré tó bẹ́ẹ̀ láti 1961. Ìjọba Faransé tiẹ̀ ya owó sọ́tọ̀ ní 2023 láti run wáìnì tí kò rẹ́ni rà á. Ní Amẹ́ríkà, Gallup, àwọn tó máa ń gba èrò aráàlú jọ, béèrè ní 2025, ìdá 54 nínú 100 àgbàlagbà ló ní àwọn ń mutí, iye tó kéré jù láti 1939 tí wọ́n ti ń béèrè.

Báwo wá ni àwọn ilé-iṣẹ́ yìí ṣe ń dàgbà? Ọ̀nà méjì. Àkọ́kọ́, wọ́n ń gbé ọ kúrò nídìí ìgò olówó pọ́ọ́kú lọ sídìí olówó gọbọi, kí o mu díẹ̀ kí o san púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí Diageo, ilé-iṣẹ́ ọtí ńlá ti Ìlú Ọba, fi gbà ní 2017 láti san tó bílíọ̀nù kan dọ́là lórí Casamigos, tẹ̀kílà tí George Clooney àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀. Ìkejì, wọ́n ń gbé ara wọn mì. InBev, ilé-iṣẹ́ bíà ńlá kan, ra Anheuser-Busch ti Amẹ́ríkà ní 2008 ní bílíọ̀nù dọ́là 52, wọ́n sì di AB InBev. Ní 2016, wọ́n tún ra SABMiller, ilé-iṣẹ́ bíà ńlá mìíràn, ní iye tó lé ní bílíọ̀nù dọ́là 100. Wọ́n di ọ̀gá bíà ayé lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbèsè ni wọ́n fi rà á. Ní October 2018 wọ́n gé èrè tí wọ́n ń pín fún àwọn olówó ìpín sí ìdajì, wọ́n tún gé e ní 2020. Ẹni tó ra ìpín nígbà tí ariwo 2016 ń lọ, owó ìpín rẹ̀ kò tíì padà síbi tó wà. Bíà ń tà o, wọn ò dẹ́kun títà. Gbèsè ló ń mu ún.

Àjọkẹ́:

Ọ̀gá, ṣé ìyẹn ò fi hàn pé ìsinsìnyí gan-an ló yẹ kéèyàn rà? Gbogbo ayé ń sá, owó ìpín ti wálẹ̀. Bíà tí kò ní ọtí nínú sì ń tà wìtìwìtì. Láti 2017 ni Heineken ti gbé 0.0, bíà tiwọn tí kò ní ọtí, jáde, àwọn yòókù ń tẹ̀ lé e.

Ọ̀gá Oníṣirò:

Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ pé kó má rà. Mo ní kó má fi ọ̀rọ̀ ọkùnrin orí fóònù rà á. Àwọn tó bínú sí Bud Light, bíà AB InBev, ní Amẹ́ríkà ní 2023 kò dẹ́kun bíà mímu, Modelo Especial, bíà ilẹ̀ Mẹ́síkò, ni wọ́n yà sí, ó sì gba ipò kìíní. Ta ló ń ta Modelo ní Amẹ́ríkà? Constellation Brands ni, torí pé nígbà tí AB InBev ra Modelo ní 2013, ìjọba ní wọ́n gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda apá ti Amẹ́ríkà. Bí owó ṣe lè kúrò nínú àpò kan bọ́ sí òmíràn nìyẹn láìsí pé ẹnikẹ́ni gbé ife kalẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:

Ẹ ti ń ka owó láti àárọ̀, kò sẹ́ni tó dárúkọ ara èèyàn. WHO ka òkú mílíọ̀nù 2.6 sí ọtí lọ́rùn lọ́dún 2019 nìkan. Láti 1988 ni àjọ tó ń ṣèwádìí lórí jẹjẹrẹ ti ka ọtí mọ́ ohun tó ń fà á. Mo ń rí àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ti lọ, ikùn á wú gbàǹgbà, ojú á pọ́n bí òróró, wọ́n á ṣì máa bẹ̀ mí pé kí n bá wọn ra ẹyọ kan ṣoṣo. Tó o bá lè sùn lórí irú èrè bẹ́ẹ̀, kò kàn mí.

Ọ̀gá Oníṣirò:

Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn owó ló béèrè.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:

Ọ̀rọ̀ owó náà ni mò ń sọ. Òkú wọ̀nyẹn ló ń mú kí ìjọba fowó lé e. Scotland tí ẹ ń pariwo rẹ̀ fòfin de títa ọtí lọ́pọ́ ní 2018: ìwọ̀n ọtí kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní unit, kò gbọdọ̀ dín ní pẹ́ńsì 50. Ní September 2024 wọ́n gbé e sí 65. Ẹ kọ ìyẹn náà sínú ìṣirò yín.

Ìyá Ìbejì:

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ti kó wa láyà jẹ. Òótọ́ sì ni.

Ọmọ Àkànbí:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ní kí wọ́n fi delivery order hàn mí. Ọkùnrin náà ní "ètò inú ilé" ni, pé òun á kúkú dín owó fún mi tí mo bá sanwó lónìí. Mo ti pa àgbá tì. Èmi àti ìyàwó mi ṣì máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ ìpín, títí kan ohun tí Àǹtí sọ. Ọ̀gá, tí n bá ṣí ìwé ìṣirò ọdọọdún ilé-iṣẹ́ bíà, níbo ni kí n kọ́kọ́ wò?

Ọ̀gá Oníṣirò:

Wo ibi tí wọ́n kọ iye bíà tí wọ́n tà ní hectolitre, kí o gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye owó tó wọlé. Tí owó bá ń lọ sókè tí hectolitre ń wálẹ̀ lọ́dún mẹ́ta mẹ́rin léra, owó orí ìgò ni wọ́n ń fi kún, àwọn tó ń mu ún ń dín kù. Lẹ́yìn náà lọ sí ojú ìwé gbèsè, wo ọdún tí èyí tó pọ̀ jù máa tó san, kí o sì wò ó bóyá èrè tí wọ́n ń pín fún olówó ìpín ju owó tó kù lọ́wọ́ wọn lọ. Fi àwòrán ọ̀gá àgbà àti ti àwọn tó ń rẹ́rìn-ín níwájú ìwé yẹn sílẹ̀. Bí nọ́ńbà kan bá rú ọ lójú, gbé e wá síbí.